Ọlidé ní Pánámà

Ní àdúgbò wa ní Ṣómólú, ọmọdé ló ń lo ọlidé. Bí ilé ìwé bá ti ti, wọ́n á kó aṣọ sínú àpò, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Abẹ́òkúta, wọ́n á jẹun títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á fi yọ, wọ́n á sì padà wálé nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé. Àgbàlagbà kì í lo ọlidé. Bí àgbàlagbà bá kúrò nílé, òkú ló fẹ́ lọ sin, tàbí ọdún ló fẹ́ lọ ṣe, tàbí ara rẹ̀ ni kò yá. Bàbá mi, Bámilóyè òǹtẹ̀wé, kò sinmi rí láyé rẹ̀ àfi ìgbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Wonder Ikúmápàyí sọ fún mi pé tí a bá ṣègbéyàwó tán, òun fẹ́ kí àwa méjèèjì lọ lo ọlidé ní Pánámà, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn.

Ì bá jẹ́ àwàdà ló ń ṣe, bóyá ǹ bá ti wà nílé ọkọ lónìí. Ṣùgbọ́n Wonder kì í fi ọ̀rọ̀ Pánámà ṣe àwàdà.

Ìgbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣómólú nígbà náà. Kò sí ojúlé tí wọn kò ti ń tẹ àwòrán olóṣèlú, àwọn mìíràn ń sá a síta kí íǹkì rẹ̀ lè gbẹ, ewúrẹ́ sì ń bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Wonder wá láti Bàrígà, ó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ìjọ wọn. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Bàbá rẹ̀ ń pẹja lójú ọ̀sà, ìyá rẹ̀ Beatrice ń yan ẹja tà létí omi, ṣùgbọ́n òun kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ló mú wá fún ojú ewé kìíní. Mo bi í pé kí ni ọkọ̀ ń wá lórí kàlẹ́ńdà ìjọ Ọlọ́run. Ó ní Jésù náà wọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà mi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó wá kó kàlẹ́ńdà, lẹ́yìn tí ó kó o tán, ó tún wá. Mo ní kí ló kù. Ó ní òun wá kí ẹ̀rọ ni. Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ń wá ohun tí mo máa rà ní Bàrígà, èmi tí ọjà kún iwájú ilé wa.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun kéré, tí òun ń bá bàbá òun lọ dẹ àwọ̀n lápá ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, ọ̀rọ̀ tí òun kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà láyé ni PANAMA tí wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ yìí, Pánámà. Ọkọ̀ tọ̀hún, Pánámà. Ó rò pé orúkọ olówó kan tó ni gbogbo ọkọ̀ ayé ni. Ìgbà tí olùkọ́ rẹ̀ fi hàn án nínú àwòrán ayé pé orílẹ̀-èdè ni, tó wà láàárín Amẹ́ríkà tòkè àti tìsàlẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Ó kà nípa rẹ̀ káàkiri. Ó ní àwọn èèyàn kan ń gbé níbẹ̀ ní erékùṣù kéékèèké, tí omi yí ilé wọn ká, tó jẹ́ ọkọ̀ igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi ń jáde sójú òkun. Ó ní òun fẹ́ fojú rí wọn, kí òun lè wá sọ fún ìyá òun pé kì í ṣe Ìlàjẹ nìkan ló ń gbé orí omi.

Báyìí ni a ṣe ń ṣètò ọlidé wa. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó jókòó létí omi ní Bàrígà, lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó máa pín ọjọ́. Ọjọ́ kìíní, a ó lọ wo ibi tí omi ti ń gbé ọkọ̀ gun òkè bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ kejì, a ó sùn títí oòrùn á fi là, nítorí èmi sọ pé ọlidé tí èèyàn ò ti lè sùn, iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, erékùṣù. Mo bi í pé kí ni mo máa wọ̀, ó ní ohun tó bá wù mí, nítorí kò sí ará Ṣómólú tó máa rí mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìlú tí mi ò rí rí.

A lọ bá ọkùnrin kan ní Obanikoro tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò. Ó gbọ́ tiwa tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, ibẹ̀ lẹ ó kúkú gbà kọjá, àbí? Wonder ní rárá, a ó lọ, a ó sinmi, a ó padà. Ọkùnrin náà wò wá bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi. Ó ní ó ti yé òun, kò sẹ́ni tó ń sọ tinú rẹ̀ jáde nídìí irú ọ̀rọ̀ yìí. Wonder bínú nígbà tí a jáde. Èmi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Nílé wa, bàbá mi kò tíì gbọ́ ti Pánámà nígbà yẹn. Ti Ìlàjẹ ló ń bá jà. Ó ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí a ṣe ń lọ kí àna nínú ilé pákó orí omi. Àǹtí Adébùnmí, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe irun ní Fádèyí, ló di alárinà wa. Òun ló lọ ṣe ìwádìí ní Bàrígà. Ó jókòó ti àwọn obìnrin ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ó jẹ ẹja wọn, ó gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ilé, ó sì padà wá jábọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò sí wèrè nínú ẹbí náà, kò sí olè, kò sí àrùn ìdílé. Ó ní òórùn ẹja nìkan ni, òórùn ẹja kì í sì í ṣe àrùn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí kò fẹ́ rín. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì mọ̀ pé Wonder ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ lo ọlidé.

Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í ṣí i sílẹ̀ fáyé. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù á ní Ìbàdàn lòun ń lọ, ẹni tó gba físà á ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, ọjọ́ tó bá débẹ̀ tán lará ilé ẹ̀ ń gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Wonder sọ pé ọlidé ni, ìyá rẹ̀ kò gbà á sí irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á sí òótọ́. Ọgbọ́n ló gbà á sí. Ó ní ọmọ òun ń dáàbò bo ìrìn àjò rẹ̀. Ó sọ fún bàbá Wonder, bàbá Wonder sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Lazarus, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ìgbésẹ̀ tí òbí rere ń gbé.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni àṣírí tú. Ilé wa kún. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, a dáhùn, wọ́n gbé èso àti ẹja gbígbẹ ńláńlá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ ní ìrọ̀rùn. Lazarus, ẹ̀gbọ́n bàbá Wonder, ló ń gbẹnu sọ fún wọn. Ó yin ìdílé wa, ó yin tiwọn, ayọ̀ wá wọ̀ ọ́ lórí. Ó ní nígbà tí a ti di ọ̀kan, kò sí ohun tí àwọn fẹ́ fi pamọ́ mọ́.

"Ọmọ wa ń kọjá sí Amẹ́ríkà," ó ní. "Bí ẹ bá gbọ́ pé ọlidé ló ń lọ lò ní Pánámà, ojú ayé la fi ń bò. Bàbá rẹ̀ ti ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo etí omi ti dá tiwọn lé e, èmi fúnra mi ni mo gbé owó náà fún ọkùnrin Obanikoro yẹn. Àwọn tó máa mú un kọjá ti ń dúró dè é lọ́hùn-ún. Bó bá jókòó tán, yóò ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀."

Àwọn èèyàn wọn pàtẹ́wọ́. Mo wo Wonder. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Kò mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Owó oṣù tó ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí ló fẹ́ fi lọ, kò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ṣẹ́jú sí i bí ẹni tó ń sọ pé, a gbọ́n tó ọ.

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ dé. Kò pariwo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò bí ọmọ fún ojú ọ̀nà. Ó wá pe Wonder síwájú.

"Èwo ni ká gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ? Tìrẹ ni, àbí ti àwọn bàbá rẹ?"

Wonder dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ọlidé ni, sà. Mo máa lọ, mo máa padà."

Àwọn kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ṣì ń dáàbò bo nǹkan.

"Ó dáa," bàbá mi ní. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lọ, kí o padà. Ọjọ́ tí o bá padà dé la ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n Moyọ̀sọ́lá ò ní bá ọ lọ."

Báyìí ni ọlidé wa ṣe di ọlidé tirẹ̀ nìkan.

Mo bá a ní etí omi nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ mọ́. Mo ní ká gba Badagry lọ, ká wo omi tó wà níbẹ̀, omi ni gbogbo wọn. Ó ní òun ti lọ bá ọkùnrin Obanikoro, ọkùnrin náà ní owó tó ti wọ ọwọ́ àwọn tọ̀hún kò ṣeé gbà padà. Ó ní tí òun kò bá lọ, ẹ́ńjìnnì bàbá òun ṣòfò, bàbá mi á sì sọ pé Amẹ́ríkà ni òun ń pète tẹ́lẹ̀, nítorí àṣírí tú ni òun ṣe jáwọ́. Àfi kí òun lọ kí òun sì padà, kí ẹ̀rí wà. Mo bi í pé tó bá padà ńkọ́, kí ló máa sọ fún wọn. Ó kọjú sí omi. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti ojú ọ̀sà nígbà náà, àjẹ̀ ló fi ń wa ọkọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó rí wa, ó juwọ́ sí wa, inú rẹ̀ dùn. Wonder ju ọwọ́ padà, ó sì wolẹ̀.

Ó gbìyànjú láti là á yé ìyá rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó mú ọwọ́ ìyá náà, ó ní, "Màámi, mo ní mò ń padà bọ̀. Ọlidé ni." Ìyá rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ọlidé ni." Ó sì gbá a mọ́ra. Kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi bá irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ jà.

Ó lọ. Físà rẹ̀ jáde nígbà tí foonu alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, Àǹtí Adébùnmí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní in ní Fádèyí, ó máa ń gbé e sí iwájú díńgí kí gbogbo oníbàárà lè rí i. Orí rẹ̀ ni Wonder pè mí sí láti Pánámà. Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. Ó ti rí i bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀. Ó ti dé erékùṣù. Ìyá arúgbó kan fún un ní ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè àti ẹja díndín, ó jẹ ẹ́ tán, ìyá náà tún bù sí i láìbéèrè, ó ní ṣe ló dà bí pé òun wà ní Bàrígà. Ó ní gbogbo ibi tí òun bá jókòó sí, òun ń fi àyè mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, àwọn tí wọ́n ń dì lórí ń wò mí nínú díńgí.

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin méjì ti wá béèrè òun ní ilé ìtura, wọ́n mọ orúkọ òun.

"Wonder, máa bọ̀ nílé."

"Mò ń bọ̀, Moyọ̀. Mo ti ṣèlérí fún bàbá rẹ."

Ọjọ́ tó yẹ kó dé, bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi tí kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ iṣẹ́. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó ní òun máa bá mi dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Mo rò pé ó fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ Ìlàjẹ kò mú ìlérí ṣẹ. A dúró. Àwọn èrò ń ti ẹrù jáde, àwọn ẹbí ń dì mọ́ wọn, àwọn èrò dínkù, ẹnu ọ̀nà náà dá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàámi." Ó ní ká dúró de ọkọ̀ mìíràn, bóyá ó pàdánù ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ mìíràn dé. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó padà wá, ó ra omi fún mi, ó jókòó tì mí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ní. "Ọmọ yẹn wo ojú mi nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo ti gé páálí sílẹ̀ fún ìwé ìpè ìgbéyàwó yín."

Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo ṣì lè bínú sí bàbá mi.

Wonder pè lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sọ orílẹ̀-èdè tó wà, ariwo mọ́tò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun dé pápákọ̀ lọ́hùn-ún lóòótọ́, àpò òun wà lọ́wọ́ òun, ìwé ọkọ̀ òun wà lọ́wọ́. Ó ní lójú ọkàn òun, òun rí bàbá òun tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bọ̀. Òun rí ìyá òun tó sáré wá pàdé òun létí omi, tó ń bi òun pé ta ló lé òun padà. Ẹsẹ̀ òun kò gbà láti wọlé. Àwọn ọkùnrin méjì náà ń dúró níta.

"Kì í ṣe pé mo parọ́ fún ẹ," ó ní. "Dúró dè mí."

Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní òun kò mọ̀. Mo fẹ́ ṣépè fún un, mo fẹ́ sọ fún un pé mo máa dúró, ẹnu mi kò gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó ṣọ́ra fún òtútù. Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ nìyẹn, ìpè náà sì já.

Nígbà tí ìròyìn dé Bàrígà pé ó ti kọjá, tó sì ti rí ibi wọ̀ sí ní Amẹ́ríkà, ìyá Wonder fúnra rẹ̀ ló wá sí Ṣómólú. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó gbé ẹja sílẹ̀, ó ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ, ìyàwó àwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá mi wò mí. Ó ní ọwọ́ mi ló wà. Ojú ìyá náà ń dán, ó ti rù sí i, kò sí ohun tó ń bò mọ́ mi. Mo ní màá wá.

Ilé ìjọsìn náà kún fún aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n pe ẹbí Ikúmápàyí síwájú, bàbá Wonder ló ṣáájú, ó ń jó díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sì rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Gbogbo àwọn tó dá nǹkan lé e láti etí omi tò tẹ̀ lé e, inú kálukú ń dùn bí ẹni tí ọmọ tirẹ̀ dé. Ìyá Wonder wá fà mí lọ́wọ́ dìde níbi tí mo jókòó sí, ó mú mi dé iwájú pẹpẹ, ó ní kí n kúnlẹ̀ ti òun. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ẹnu súnmọ́ etí mi kí n lè gbọ́ ọ láàárín orin.

"Bá mi dúpẹ́, ìyàwó mi," ó ní. "Ọlọ́run ṣe é. Kò padà wá."

Mo ṣe àmín.